Orí Karùn-ún: Kí Ìyá Igi Má Baà Tán

Nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì dé, ohun kan máa ń já bọ́ lábẹ́ àwọn ìrókò kan nínú àwọn oko kòkó tó yí Ìgbàrà-Odò l'Èkìtì ká. Ó rí bí mùkúlú, ó gùn tó ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ni, ó sì rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Èso ìrókò ni.

Mo ní àwọn ìrókò kan, n kò ní gbogbo ìrókò. Bàbá àgbẹ̀ tó mú mi wọ oko wọn lọ́jọ́ kan na ọ̀pá sí igi méjì, ọ̀kan létí odò, ọ̀kan lẹ́yìn ahéré. Méjèèjì ga, méjèèjì sanra. Èèyàn mẹ́ta kò lè gbá ìdí èyíkéyìí nínú wọn mọ́ra. Bàbá ní, "Ti etí odò yẹn, láti kékeré mi, n kò rí èso kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ rí. Tẹ̀yìn ahéré yìí ló ń so." Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ rò pé ó fà á?" Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tíì gbọ́n. "Akọ ni. Kí lo fẹ́ kí akọ bí?"

Ohun tí bàbá fi ojú rí lóko ni àwọn onímọ̀ ewéko kọ sínú ìwé. Lára ọ̀pọ̀ igi, òdòdó kan náà ló ní akọ, òun náà ló ní abo nínú. Ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan á jẹ́ akọ, òmíràn á jẹ́ abo. Òdòdó akọ gùn, ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìrù, lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ sì ni atẹ́gùn ń gbé lọ bá abo. Abo nìkan ló ń so.

Ẹ wá rò ó wò. Agégẹdú tó gbé ẹ̀rọ wọ oko kì í bèèrè akọ tàbí abo. Igi tó tóbi, tó dúró ṣánṣán, tí kò ní ihò nínú, òun ló ń wá. Bí wọ́n bá gé abo mẹ́ta tó kù ní agbègbè kan, tí wọ́n sì fi akọ mẹ́wàá sílẹ̀, ẹni tó ń kọjá lójú títì á ṣì máa rí ìrókò, á ní ìlú yìí ṣì ní igbó. Bẹ́ẹ̀, igi wà níbẹ̀ ni, ìran rẹ̀ ló ti tán. Àwọn akọ mẹ́wàá náà ń dúró de ọjọ́ ikú wọn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fi ìyá igi bẹ̀rẹ̀ orí tó dá lórí gbígbin igi ìbílẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, igi gbígbìn kò ju kí a gbẹ́ ihò, kí a ki ọmọ igi bọ̀ ọ́, kí a bomi sí i, kí ẹni ńlá kan dúró tì í kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Kí ọdún tó yí po, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tàbí ẹ̀ẹ̀rùn ti pa á. Igi ìbílẹ̀ kì í dá wáyé. Ó ní ìyá tó bí i, ó ní ẹranko tó gbé e rìn, ó ní kòkòrò tó ń lépa rẹ̀, ó ní àwọn igi tí wọ́n jọ ń gbé, ó sì ní ẹni tó ni ilẹ̀ tó hù sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín láìmọ ará rẹ̀ àti ọ̀tá rẹ̀ dà bí ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ wọlé tí kò bèèrè ohun tó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹranko tó ń gbé e rìn. Èso ìrókò tó já bọ́ fúnra rẹ̀ kì í rìn jìnnà; èyí tí àdán já lórí igi ló ń rìn. Àdán ńlá tí irun rẹ̀ rí bí koríko gbígbẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum, fẹ́ràn èso yìí púpọ̀. Á jẹ ẹran ara rẹ̀, á gbé irúgbìn mì, á sì yà á sílẹ̀ níbi tó bá fò gbà. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní Gánà lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn àdán yìí lára, wọ́n sì rí i pé irúgbìn wínníwínní tí àdán bá gbé mì lè rin ohun tó ju kìlómítà 50 lọ kí ó tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ á rántí àwọn àdán tó máa ń ṣú bo ojú ọ̀run ọgbà náà ní ìrọ̀lẹ́. Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìgbàrà-Odò, bí a bá fi ti ẹyẹ tó fò tààrà wò ó, kò tó kìlómítà 70. Kò ṣòro rárá kí ìrókò tó hù lóko kan l'Èkìtì jẹ́ ọmọ igi kan nítòsí Ifẹ̀.

Àwa ń fi rọ́bà àti ìbọn pa àdán jẹ. N kò bá ẹni tó ń wá ẹran ọbẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n níbi tí àdán bá ti tán, ìdí ìyá rẹ̀ nìkan ni ìrókò á máa hù sí, òjìji ìyá náà kò sì ní jẹ́ kó dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn igi tí kóró wọn tóbi. Nínú igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ìnàkí ṣì wà; ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tó kù nílẹ̀ Yorùbá tí a ti lè gbúròó wọn. Ìnàkí a máa gbé kóró tí ẹyẹ kékeré kò lè gbé mì, a sì máa yà á síbi tó jìnnà sí ìyá rẹ̀, tòun ti ìgbẹ́ tó máa fi dàgbà. Àgbìgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdẹ bá pa wọ́n tán, igi ńlá á ṣì máa so, èso á máa rà sí ìdí rẹ̀.

Ọmọ ìrókò tó bọ́ lọ́wọ́ òjìji ìyá rẹ̀ ṣì ní ọ̀tá kan tó burú ju ewúrẹ́ lọ. Ìyà rẹ̀ ti jẹ mí rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ìrókò, mo to wọn sí ìlà lórí ilẹ̀ gbalasa, oòrùn ń ta sí wọn lára láti òwúrọ̀ dé alẹ́, mo sì gbà pé ìtọ́jú tó dára jù ni mò ń fún wọn. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ewé wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo já ọ̀kan wò. Kúlúkúlú aláwọ̀ ewé to jọ sójú rẹ̀ bí ẹ̀wà tútù. Mo fi èékánná la kúlúkúlú kan. Inú rẹ̀ tutù, ó ní ihò, ọmọ kòkòrò funfun kan sì ká jọ síbẹ̀ bí ọmọ inú oyún. Phytolyma lata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àgbà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kantíkantí lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń gún ewé, ẹran ewé á wú, á sì padé mọ́ ọn, igi náà fúnra rẹ̀ á wá di ẹni tó ń kọ́lé fún ọ̀tá. Nígbà tí kòkòrò bá gbó, kúlúkúlú á la, òun á fò lọ, omi á wọ ojú ọgbẹ́, ebu á bò ó, ọ̀mùnú igi á sì rà. Igi á tún yọ ọ̀mùnú mìíràn. Òmíràn á tún bà lé e. Títí igi á fi di ṣúúrú ilẹ̀ tí kò lè nàró mọ́.

Gbogbo ìlà náà ló bàjẹ́ tán. Mo sunkún lórí wọn, kì í ṣe àbùmọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù mí lọ. Àwọn oníṣẹ́ igbó ayé òyìnbó gbìyànjú láti gbin oko ìrókò ní Nàìjíríà àti ní Gánà, kòkòrò yìí sì lé wọn padà. Nínú igbó, ìrókò kì í tò tì ara wọn. Ọ̀kan wà níhìn-ín, ìkejì wà lọ́hùn-ún, igi ìran mìíràn bí ogún ló wà láàárín wọn. Kòkòrò tó ń wá ìrókò á rìn kó tó rí òmíràn. Nígbà tí a bá wá to igba ìrókò sójú kan, a ti tẹ́ tábìlì fún un nìyẹn. Àwọn onímọ̀ igbó ní Kumasi, ní Gánà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú rẹ̀. Èyí tí àgbẹ̀ lè lò nínú ohun tí wọ́n rí ni kí a gbin ọmọ ìrókò sábẹ́ ibòji díẹ̀, kí ó dá wà láàárín àwọn igi mìíràn, kí a sì gba irúgbìn lọ́dọ̀ ìyá púpọ̀, nítorí ìdílé ìrókò kan a máa le sí kòkòrò yìí ju òmíràn lọ. Àwọn àgbà ti wí i pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìrókò fi hàn pé oríṣi igi kan pàápàá kì í dá igbó ṣe, bó tilẹ̀ pọ̀ tó ẹgbẹ̀rún.

Nígbà tí ìrókò kò gbà fún àwọn oníṣẹ́ igbó, tíìkì àti mẹláínà gbà fún wọn. Ilẹ̀ Íńdíà àti Burma ni méjèèjì ti wá. Irúgbìn wọn kò wọ́n, wọ́n ń yára dàgbà, ìlà tí a bá tò wọ́n sí ni wọ́n ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí tíìkì tó tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ọ̀pọ̀ igbó ìjọba lónìí. Fún mẹláínà, ìwé ṣíṣe ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tí wọ́n gbìn sí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwọpin. Òpó iná, igi òrùlé, igi ìdáná, mo gbà pé igi òkèèrè wúlò fún gbogbo èyí. Ohun tí n kò gbà ni kí a máa pè é ní igbó. Ẹ wọ inú oko tíìkì ní oṣù Ṣẹẹrẹ kí ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́: ẹyẹ tí ẹ máa gbọ́ kò ní pọ̀. Ewé tíìkì fẹ̀ bí àwo. Òjò á kó jọ sórí rẹ̀, á sì jábọ́ ní ìkán ńláńlá. Bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti jó ewé tó bo ilẹ̀, ìkán náà á máa gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́.

Bí igbó tòótọ́ ṣe ń padà, Ìbàdàn ni mo ti rí i. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n fún un ní ilẹ̀ bíi hẹ́kítà 1,000. Ó ju hẹ́kítà 300 lọ nínú rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìro. Oko àwọn ará abúlé ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, igbó ni. Ẹyẹ àti àdán ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbìn ín. Ẹyẹ ìran ẹ̀gà kan wà níbẹ̀, dúdú òun pupa, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín. Ní ọdún 2010, pẹ̀lú ìrànwọ́ A.G. Leventis Foundation, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́sìrì níbẹ̀, wọ́n ń kó irúgbìn igi ìbílẹ̀ jọ, wọ́n ń mú un hù, wọ́n sì ń fi kún igbó náà àti fún ẹni tó bá fẹ́. Ohun tí mo kọ́ lára wọn ni pé ìyá igi tó ṣì dúró nítòsí máa ń fi iṣẹ́ púpọ̀ pamọ́ fún èèyàn. Níbi tí ìyá wà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, kí ẹ fi àdá ṣí ọ̀nà fún àwọn ọmọ igi tó bá dá yọ. Níbi tí ìyá kò sí ni kí ẹ gbé ọ̀rá nọ́sìrì lọ.

Ní Ìgbàrà-Odò àti gbogbo apá gúúsù Èkìtì, kò sí ẹni tí yóò yọ̀ǹda hẹ́kítà 300 láti sinmi. Oko kòkó ni ibi tí igi ìbílẹ̀ lè rí gbé. Kòkó fẹ́ ibòji, kò fẹ́ òkùnkùn. Ní Gánà, wọ́n ń gba àgbẹ̀ kòkó nímọ̀ràn pé kí igi ńlá 15 sí 18 wà lórí hẹ́kítà kan. Afárá dára fún èyí: ó ń tètè ga, ẹ̀ka rẹ̀ tò bí agbòòrùn alájà, oòrùn ń gba àárín wọn kọjá, ó sì ń wọ́wé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ewé náà á bo ẹsẹ̀ kòkó. Ìdígbó dára. Ọ̀gànwó dára. Orógbó àti obì àbàtà ń pa owó wọlé kí gẹdú tó tó gé. Àyùnré ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, nítorí àwọn kókó kan wà lára gbòǹgbò rẹ̀ tí bakitéríà inú wọn ń mú naitrójìn inú afẹ́fẹ́ wá sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbin àràbà sínú oko kòkó. Igi ìbílẹ̀ ni, igi iyì ni, àmọ́ àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú tó sì ń pa á a máa sá pamọ́ sára rẹ̀. Kí ó máa gbé ojúde ọba àti ojú ọjà, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Èrè tí ìlú ń rí lára igi ìbílẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ni mo ti kọ́kọ́ rí i kedere. Ewé eéran kì í hù dáadáa nínú oòrùn gbalasa. Abẹ́ igi tútù ló ń gbé, pẹ̀lú èso pupa rẹ̀ tí ọmọdé ń pọ́n lá. Òun la fi ń pọ́n móínmóín, òun la fi ń pọ́n iyán Èkìtì kí ó má baà tutù. Àwọn ìyá tó ń já a tà mọ igi tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá, nítorí ìrìn wọn ti gùn sí i láti ọjọ́ náà. Wọ́n á sọ fún yín pé ìgbín lọ, olú lọ. Igi òro tí a ń rí àpọ̀n nínú èso rẹ̀ náà ti ń jìnnà. Kò sí ìwé ìjọba tó ka àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ iye tí igbó tó, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ.

Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ òkè àti àpáta; ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà òjò mọ ohun tí mo ń wí. Omi kì í wọ inú àpáta. Á sáré bọ́ sílẹ̀, á kóra jọ, á sì wá ọ̀nà gba inú oko. Bí kò bá bá gbòǹgbò àti ewé rírà pàdé, ó di àgbàrá, á kó ilẹ̀dú lọ sódò, odò á kún fún yanrìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a ó máa gbẹ́lẹ̀ wá omi. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń lọ kí ní Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì nítòsí wa níhìn-ín ló ti ṣẹ̀. Àbùrà, tó fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, ni kí a dá padà sí etí odò, kí oko sì jìnnà sí ibẹ̀ díẹ̀. Wangari Maathai ti Kẹ́ńyà, tó dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀ ní 1977 tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, sọ ìtàn igi kan tó jẹ́ ẹbí òdán wa, tó wà lẹ́bàá ìsun omi nílé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n hú igi náà láti fi ilẹ̀ rẹ̀ gbin nǹkan mìíràn. Ìsun omi náà gbẹ. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá rí ẹni tó ń sun ìdí òdán.

Ní ti ìjì tí igi lè bá wa dá dúró, ọ̀rọ̀ kúkúrú: ìjì ńlá tó máa ń ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹrẹ́nà àti Igbe, láti ìlà-oòrùn ló sábà ń wá. Ìhà ìlà-oòrùn ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a to igi sí, igi gígùn àti igi kúkúrú pọ̀, kí ó sì jìnnà sí ògiri ju bí igi náà yóò ti ga tó lọ.

Nǹkan kan wà tí ìrókò ń ṣe tó yà mí lẹ́nu ju gbogbo èyí lọ. Àwọn tó ń la pákó ní sọ́míìlì mọ̀ pé òkúta a máa wà nínú ìrókò. Eyín ayùn á déédéé kán, iná á ṣẹ́ wùràwùrà, wọ́n á sì rí òkúta funfun líle láàárín igi. Àwọn baba wa ní ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni. Àlàyé tí ìmọ̀ ṣe kò kéré sí ti baba wa. Ìrókò ń fa kálísíọ̀mù láti inú ilẹ̀, ó sì ń pò ó pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù tó fi ewé gbà nínú afẹ́fẹ́, á di wínníwínní bí iyọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀. Nígbà tí ebu àti bakitéríà bá jẹ wínníwínní yìí, ohun tó kù ni òkúta tó jẹ́ ìran ẹfun, nínú igi àti nínú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa tó kan jẹ́ ilẹ̀ tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó sí. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ivory Coast kéde pé nínú kùkùté ìrókò kan tó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún àti yí i ká, àwọn bá kábọ́ọ̀nù tó ti di òkúta tó tó tọ́ọ̀nù kan. Igi tí a bá sun á dá kábọ́ọ̀nù rẹ̀ padà sójú ọ̀run lọ́jọ́ kan. Èyí tó ti di òkúta á wà nílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Gbogbo ayé ló ń wá ọ̀nà láti ti afẹ́fẹ́ tó ń mú ilẹ̀ ayé gbóná mọ́lẹ̀. Igi ẹ̀yìn ahéré bàbá ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa.

Kí ló wá dé tí àgbẹ̀ fi ń pa ọmọ ìrókò tó bá hù lóko rẹ̀? Mo mọ ẹnì kan tó fi èédú gbígbóná sun ìdí mẹ́rin. Kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́dún kan ṣáájú, àwọn agégẹdú mú ìwé àṣẹ wá láti ọ́fíìsì kan, wọ́n gé ìrókò tó ti tọ́jú láti ìgbà baba rẹ̀, igi náà wó lu kòkó tó ń so, wọ́n fa ìtì rẹ̀ kọjá lórí ìyókù. Owó tí wọ́n nà sí i kò tó ra àdá mẹ́ta. Ó pinnu pé igi tó bá máa di ti ẹlòmíràn kò ní dàgbà lójú òun mọ́. Títí ẹni tó tọ́jú igi yóò fi mọ̀ dájú pé òun àti ọmọ òun ló máa jẹ èrè rẹ̀, a kàn ń dá ara wa lágara pẹ̀lú ìpolongo ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbẹ̀ tó jẹ́ àlejò. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n bó bá gbin igi, onílẹ̀ á bínú, nítorí nílẹ̀ Yorùbá igi tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹni tó gbìn ín ní ìpín níbẹ̀. Pèrègún àti akòko tí a fi ń ṣe ààlà ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ púpọ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí olórí ẹbí àti àgbẹ̀ jókòó níwájú baálẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, èso jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín níwọ̀n ìgbà tó bá wà lóko, bí wọ́n bá sì gé gẹdú, báyìí ni wọn yóò pín in. Ìwé kan, ẹlẹ́rìí méjì. Ó yẹ kí èyí ṣáájú ọkọ́.

Ọjọ́ yẹn lẹ́yìn ahéré, a ṣa èso ìrókò tó kún garawa kan. A rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, a fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, a fọ ẹran ara rẹ̀ dànù lójú asẹ́. Ohun tó kù kò kún àtẹ́lẹwọ́: irúgbìn tó kéré ju ọkà bàbà lọ. A sá a sí òjìji, oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. A pò ó mọ́ yanrìn kí ó lè fọ́n ká dáadáa, a fọ́n ọn sórí ilẹ̀dú, a sì fi pátákó rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bò ó jìn ti sin ín nìyẹn. A fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó yọjú. Nígbà tí a ń ṣí wọn sínú ọ̀rá dúdú, bàbá bu ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìyá igi náà sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Olú wínníwínní tó ń bá gbòǹgbò ṣe àjọṣe, tó ń bá a wá omi àti oúnjẹ, wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Igi kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Orógbó lè ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ilẹ̀ kí ó tó hù, ọ̀pọ̀ sì ti da ilẹ̀ rẹ̀ nù kí ó tó jí. Igbá fẹ́ omi gbígbóná kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀. Arère kì í so lọ́dọọdún, irúgbìn rẹ̀ kì í sì pẹ́ bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi jókòó tì í ní àwọn ọdún 1970 títí wọ́n fi mọ bí a ti ń gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn.

Ní oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, a kó àwọn ọmọ ìrókò wọ oko. Ojú kòkó tó ti kú ni bàbá yàn fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìkejì débi pé ẹni tó dúró ti ọ̀kan kò rí òmíràn. Wọ́n fi ewé gbígbẹ yí wọn ká, wọ́n sì ri igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí alágbàṣe má baà fi àdá gé e. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó lè wo ewé ọmọ ìrókò kó mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Àfi ọjọ́ tó bá yọ òdòdó, ọjọ́ náà sì jìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí a ti gbìn, wọ́n ń fi ọ̀pá na ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Mẹ́sàn-án.

"Tún mú mẹ́ta wá sí i," bàbá ní. "Nínú méjìlá, abo kò ní ṣàì wà níbẹ̀."